Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwé áljẹ́brà tó dára fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 2, ẹ̀rù áljẹ́brà sì ń bà á. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé, wọ́n kó ìwé ìṣirò mẹ́rin síwájú mi. Ọ̀kan nípọn, àwòrán kúnnú ẹ̀. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, kò sì wọ́n. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò. Kí ni kí n máa wò? (Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ fi ti nínípọn àti àwòrán sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí ìwé náà síbi tí lẹ́tà ti kọ́kọ́ wọnú ìṣirò, kí ẹ wo ohun tí wọ́n sọ pé lẹ́tà náà dúró fún. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà.

Àwọn ìwé kan á ní m dúró fún máńgòrò, b dúró fún bíró, pé 3m + 2b ni máńgòrò mẹ́ta àti bíró méjì. Ó rọrùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ba ọmọ jẹ́. Tó bá kan mb ńkọ́? Máńgòrò lọ́nà bíró, kí nìyẹn? Nọ́ńbà ni lẹ́tà dúró fún. Bí m bá jẹ́ iye náírà tí wọ́n ń ta máńgòrò kan, tí b jẹ́ iye bíró kan, ọ̀rọ̀ yé ọmọ: máńgòrò ₦200, bíró ₦150, 3m + 2b di ₦900.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá irú ìṣirò bíi 3x + 5 = 20. Bí ìwé bá kàn ní kí ọmọ gbé 5 sọdá kó sì yí àmì rẹ̀ padà, láìsọ ìdí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ìwé tó dáa á fi hàn pé apá méjèèjì dà bí òṣùwọ̀n tó dúró gẹ́lẹ́: a yọ 5 níhìn-ín, a yọ 5 lọ́hùn-ún, ó ku 3x = 15, x sì jẹ́ 5. Á tún ní kí ọmọ fi 5 padà sípò x, kó rí i pé ó di 20 lóòótọ́. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá al-jabr lorúkọ áljẹ́brà ti wá, láti ara àkọlé ìwé tí al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò kan, kọ ní Bàgídáádì ní nǹkan bí ọdún 820. Ó túmọ̀ sí dídá nǹkan padà sípò. Wọ́n ń lò ó fún títo eegun tó ṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú x − 5 = 20, ohun tí wọ́n yọ lára x la ń dá padà fún un, a sì gbọ́dọ̀ fún apá kejì náà.

Ẹ wo àmì ìyọkúrò tó ṣáájú àkámọ́ náà, bíi 10 − (7 − 3). Mẹ́fà ni, ọmọ tí wọn ò bá ṣàlàyé fún á kọ 10 − 7 − 3, á ní òdo. Ìwé tó bá fo èyí kò pé.

Fún ìṣirò ọlọ́rọ̀, ẹ wá irú èyí: iye akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìlọ́po 30 iye olùkọ́. Bí a bá dúró fún iye akẹ́kọ̀ọ́, tí t dúró fún iye olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré kọ 30a = t, nígbà tó jẹ́ pé a = 30t ni. Ìwé tó bá kìlọ̀ èyí ti jókòó ti ọmọ rí.

Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ṣe 3(x − 2) = 15, ó rí 7. Ẹ̀yìn ìwé ní 5. Ó pa 7 rẹ́, ó kọ 5, ó sì gbà pé òun ò mọ ìṣirò. Òun ló gbà á, ìwé ló ṣì í! Nítorí náà, ẹ mú ìdáhùn mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n padà sínú ìbéèrè. Bí méjì bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Àwọn ìwé tó kún fún ìbéèrè àtijọ́ ti BECE, ìdánwò ìparí JSS 3, ṣì máa wúlò, ṣùgbọ́n ó di JSS 3.

Bí ẹ bá délé, ẹ bi í pé: kí la yọ kúrò nínú ogún tó fi ku mẹ́rìndínlógún? Ìdáhùn wà nínú orúkọ nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀. Kó wá kọ ọ́ sílẹ̀: 20 − x = 16.