Báwo ni mo ṣe ń mọ iye kìlómítà láti orí máàpù 1:50,000?

Ìbéèrè: Mo wọn ọ̀nà kan lórí máàpù 1:50,000, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.4. Kìlómítà mélòó ni lórí ilẹ̀?

Ìdáhùn: Kìlómítà 3.7 ni.

Sẹ̀ǹtímítà kan lórí máàpù yẹn dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀. Tí ẹ bá sọ 7.4 di ìlọ́po 50,000, ẹ ó rí sẹ̀ǹtímítà 370,000. Sẹ̀ǹtímítà 100,000 ló wà nínú kìlómítà kan, torí náà ẹ fi 100,000 pín in. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì: wọ́n á fi 1,000 pín in, wọ́n á wá kọ kìlómítà 370 sílẹ̀. Ojú ewé kan nínú máàpù 1:50,000 ti Nàìjíríà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 28 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀nà gígùn tó báyẹn wá gba ibo kọjá?

Ọ̀nà àbùjá fún máàpù yìí: ẹ ṣáà pín sẹ̀ǹtímítà yín sí méjì.

Tí ọ̀nà tàbí odò bá lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, rúlà nìkan á tàn yín jẹ. Ẹ fi òwú tẹ̀lé gbogbo ìgun rẹ̀, kí ẹ tó na òwú náà sórí rúlà. Tó bá sì jẹ́ fọ́tókọ́pì tí wọ́n sọ di ńlá tàbí kékeré ni, ẹ má gbára lé 1:50,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́. Ìlà ìwọ̀n tí wọ́n fà sísàlẹ̀ máàpù ni kí ẹ lò, torí òun náà fẹ̀ tàbí sún kì pẹ̀lú àwòrán.