Ètò kò ṣí mọ́ lẹ́yìn tí mo sọ Ubuntu di tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ìkéré-Èkìtì kúrò lórí Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) 20.04 bọ́ sí 22.04. Ètò tí mo fi ń ṣírò owó oníbàárà kò ṣí mọ́. Ohun tó ń kọ ni “error while loading shared libraries: libssl.so.1.1”. Ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ètò yín kò bàjẹ́. Fáìlì tí òun àti àwọn ètò mìíràn jọ ń lò ni kò sí mọ́. Fáìlì náà, libssl.so.1.1, jẹ́ ti OpenSSL, àkójọ kóòdù tí àwọn ètò fi ń dáàbò bo ìsọfúnni. OpenSSL 1.1 ni 20.04 ń lò. OpenSSL 3 ni 22.04 ń lò, libssl.so.3 sì ni fáìlì tirẹ̀.

Ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ tẹ ldd, àṣẹ tó ń fi àwọn fáìlì tí ètò ń wá hàn, kí ẹ wá kọ ibi tí ètò náà wà tẹ̀lé e. Gbogbo ìlà tó bá ní “not found” ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí ó lè ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ln -s, àṣẹ tó ń fún fáìlì ní orúkọ mìíràn, sọ libssl.so.3 ní orúkọ àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Orúkọ nìkan ló máa yí. Ètò náà á tún kọ̀, á ní òun kò rí OPENSSL_1_1_0, àmì ẹ̀dà àtijọ́, nínú fáìlì náà.

Ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ṣe fún 22.04 ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ètò náà. Ẹ má wá 1.1 kiri: láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún un ti dópin.

Bó bá jẹ́ fáìlì mìíràn ni ldd kò rí, tó sì wà ní /usr/local/lib, sudo ldconfig, àṣẹ tó ń sọ àkọsílẹ̀ irú àwọn fáìlì bẹ́ẹ̀ di tuntun, sábà máa ń tó o.