Kí Ló Gba Ìyá Kepler Lọ́wọ́ Ẹ̀sùn Àjẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹlẹ́wé-ọmọ ni mí ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Ọmọ mi tó ń kọ́ físíìsì ní wọ́n pe ìyá Kepler onímọ̀ ìràwọ̀ ní àjẹ́ nítorí ohun tó fún ẹnìkan mu. Àyà mi já, torí oníbàárà mi kan ń pariwo kiri pé àgbo mi ló ń run òun nínú. Kí ló gba ìyá náà sílẹ̀? — Ìyá Ẹlẹ́wé

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́wé. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Katharina lorúkọ ìyá náà, ará Leonberg ní Jámánì. Ìjà ló ṣáájú o, kì í ṣe àgbo. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ursula Reinbold àti Christoph, àbúrò Kepler, ló jọ ní gbólóhùn asọ̀. Ìgbà tí ara Ursula ò wá yá, ló bá rántí nǹkan tí Katharina ti fún un mu láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn! Lọ́dún 1615, arákùnrin Ursula yọ idà sí ìyá arúgbó náà pé kó tú èèdì tó dì. Einhorn, aṣojú ìjọba tó yẹ kó là wọ́n, ń wò wọ́n níran.

Katharina náà ò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ife fàdákà lọ Einhorn kó lè bo ẹjọ́ náà mọ́lẹ̀. Ó tún ti bẹ ẹni tó ń gbẹ́ sàréè pé kó bá òun hú agbárí bàbá òun, kí òun fi ṣe ife ìmumi fún ọmọ òun. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn ní Òṣogbo níbí tí kò ní káwọ́ lérí?

Ní August 1620, wọ́n gbé e lóru, inú àpótí ni wọ́n fi gbé e jáde, obìnrin tó ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kepler fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Linz ní Austria, ó wá dúró ti ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀sùn sílẹ̀, ó wá ń tú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo, ta ló rí i, àìsàn wo ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èsì tó kọ lé ní ojú ewé 100. Wọ́n kó irin ìdálóró síwájú Katharina ní September 1621, kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Wọ́n tú u sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oṣù 14. Kò pé ọdún kan tó fi kú.

Tiyín rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ ewé tẹ́ ẹ lò, ọjọ́ tẹ́ ẹ tà á, àtẹni tó wà níbẹ̀. Kí oníbàárà yín lọ rí dókítà. Ẹ fi tó Ìyálọ́jà létí lójú ọjà, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ gbé ìgò ọtí lọ sílé ẹnikẹ́ni lóru.