Ṣé ọmọ kan ló kó o ran èkejì?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ méjì nínú ilé wa ń wúkọ́, àyẹ̀wò sì ní RSV, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń bá ọ̀nà èémí jà, ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀kan ló kó o ran èkejì?

ÌDÁHÙN: Orúkọ RSV nìkan kò tó, torí ẹ̀yà A wà, B náà wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti imú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Inú òtútù ni kó wà dé yàrá àyẹ̀wò. Bó bá máa pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, fìríìsà -70°C ló yẹ ẹ́, torí RNA, ìyẹn ohun tí àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú rẹ̀, tètè ń bàjẹ́. Wọ́n á sọ RNA di DNA, PCR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà DNA, á sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀rọ á wá ka lẹ́tà rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó tò tẹ̀ léra nínú rẹ̀. Odidi fáírọ́ọ̀sì tó bíi lẹ́tà 15,200, ṣùgbọ́n jíìnì G, apá kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn, ló ń yí padà jù. ON1, oríṣi kan lára ẹ̀yà A tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ontario ní Kánádà ní 2010, ní lẹ́tà 72 tó tún ara rẹ̀ kọ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá to lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn dáadáa láti fi wọ́n wéra á ka àtúnkọ ẹyọ kan yẹn sí ìyàtọ̀ 72! Bí ọ̀kan bá jẹ́ A, tí èkejì jẹ́ B, wọn kò ran ara wọn. Bí lẹ́tà bá sì bára mu délẹ̀, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: àwọn méjèèjì lè ti kó o ní jẹ́lé-ó-sinmi kan náà.