Láptọ̀ọ̀pù ní òun kò rí hard disk: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjínníà. Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láptọ̀ọ̀pù HP tòkunbọ̀ kan ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó ti ń fà bí ìgbín. Tí mo bá tàn án, mo lè ro àmàlà tán kó tó ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ ni NEPA mú iná. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló bá pa lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí iná dé tí mo tún un tàn, ohun tó gbé wá sójú ni: "Boot Device Not Found. Please install an operating system on your hard disk. Hard Disk (3F0)." Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní Windows ló bàjẹ́, kí n mú owó wá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Àwòrán ìkómọjáde àbíkẹ́yìn mi wà nínú rẹ̀, èsì ìdánwò ọdún mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Tíṣà wa, ẹ kú ìpayà. Ẹ má tíì jẹ́ kó fọ́máàtì nǹkan kan. N kò ní irọ́ ló ń pa o. Windows lè ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, kò tíì yẹ ohunkóhun wò. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló kà, ohun tó kà náà ló sì gbà gbọ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń sọ kò ju pé òun jí, òun wá ibi tí Windows wà kí òun gbé e dìde, òun kò rí nǹkan kan. Kò mọ ohun tó fà á. Gbólóhùn tó ní kí ẹ lọ fi operating system sí i, bákan náà ló ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, yálà Windows ló bàjẹ́, tàbí wáyà hard disk ló tú, tàbí hard disk ló ń kú lọ, tàbí ètò inú BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó máa ń jí ṣáájú Windows, ló yí padà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan péré ni fọ́máàtì lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá ti ráyè ṣiṣẹ́, ohun kan dájú pé á ṣe: á pa àwòrán àbíkẹ́yìn yín rẹ́.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tó jẹ́ kí etí mi ta. Ẹ ní bátìrì ti kú, NEPA sì mú iná lójijì. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀, bátìrì kékeré mìíràn wà nínú lọ́hùn-ún, ó rí roboto bí owó kọ́bọ̀, CR2032 ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bá BIOS rántí aago àti bí wọ́n ṣe tò ó. Tí bátìrì ńlá bá ti kú, tí kékeré náà sì ti rẹ̀, ọjọ́ tí iná bá lọ ni BIOS á gbàgbé gbogbo rẹ̀, á padà sí bó ṣe rí nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀nà àtijọ́ tó ń jẹ́ Legacy ni ẹni tó fi Windows sí i gbà, BIOS tó ti gbàgbé á máa fi ọ̀nà tuntun, UEFI, wá a kiri. Kò ní rí i. Windows á sì wà níbẹ̀ digbí, nǹkan kan kò ṣe hard disk. Mo ti rí i kí wọ́n fọ́máàtì odidi kọ̀ǹpútà nítorí bátìrì tí owó rẹ̀ kò ju owó ẹran ọbẹ̀ lọ.

Torí náà, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà. Tí bátìrì bá ṣeé yọ láti ẹ̀yìn láìtú síkírù, ẹ yọ òun náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ìyókù iná tó wà lára rẹ̀ lè tán. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F10 léraléra láti ìgbà tó bá ti jí. BIOS á ṣí. Ẹ má yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò: déètì tó wà níbẹ̀, àti bóyá orúkọ hard disk hàn.

Tí déètì bá ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, tí orúkọ hard disk sì hàn, bátìrì kékeré ni kí ẹ fura sí. Ẹ tún déètì ṣe, ẹ lọ sí System Configuration, lẹ́yìn náà Boot Options, kí ẹ tan Legacy Support, kí ẹ wá tẹ F10 láti fi í pamọ́. Nígbà tó bá tún ń jí, HP lè béèrè pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́rin kan tó fi hàn lójú, kí ẹ sì tẹ Enter, kó lè dá a lójú pé ẹ̀yin lẹ ṣe é lóòótọ́. Bí Windows bá ṣí, ẹ ra CR2032 tuntun kí ẹ̀ńjínníà bá yín fi sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí kò bá ṣí, ẹ dá Legacy Support padà sí bí ẹ ṣe bá a nínú fọ́tò yẹn.

Tí orúkọ hard disk kò bá hàn rárá, ẹ gbé etí sún mọ́ ara láptọ̀ọ̀pù náà. Tó bá dákẹ́ pátápátá, ó lè jẹ́ ìsopọ̀ rẹ̀ ló tú, pàápàá tó bá ti já bọ́ rí tàbí tí ọmọdé ti gbé e ṣeré. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tú ẹ̀yìn rẹ̀, kó yọ hard disk, kó sì ki í padà dáadáa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ẹ pa á kíákíá, ẹ má sì tàn án mọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Kí n sọ òótọ́ ọkàn mi fún yín: bó ti wù kí n fẹ́ kó jẹ́ bátìrì kékeré, ìlọ́ra oṣù méjì yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. BIOS tó gbàgbé kì í mú kí Windows lọ́ra. Hard disk tó ń kú lọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ ló wà nínú láptọ̀ọ̀pù yín, àwo roboto bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí nǹkan bí ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí kékeré kan ń léfòó lókè àwo náà, ó ń kàwé lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fara kàn án. Tí ojú kan lára àwo bá ti ń jẹrà, hard disk kì í sọ fún yín. Á ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní yé e. Á tún un kà, á tún un kà, títí tí yóò fi rí i kà tàbí kó sú u. Gbogbo àkókò yẹn ni ẹ fi ń ro àmàlà. Lọ́jọ́ tí ìjẹrà bá wá dé ibi tí Windows ti ń jí, ohun tí ẹ ń rí yìí ló máa ń yọjú. Kíkàn kọ́, kọ́, kọ́ ní tirẹ̀, orí yẹn ló ń ṣìnà. Bó bá fara kan àwo, ó lè họ ohun tó wà níbẹ̀ dànù.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ní ó ń lọ́ra. Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: mo tẹ chkdsk /r, mo lọ sùn. Iṣẹ́ chkdsk /r ni láti ka gbogbo ojú hard disk láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń mí hẹlẹ ni mo ní kó sáré yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò mí mọ́. Ìtàn ìdílé tí bàbá náà ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Láti ọjọ́ náà, kó ẹrù jáde kí o tó tún ilé ṣe ni òfin mi.

Bí ẹ ṣe máa kó ẹrù nìyí, tí hard disk bá ṣì ń hàn nínú BIOS tí kò sì kan kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ lọ bá ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dára, kí ẹ wa Linux Mint, ètò kan tó lè ṣe iṣẹ́ Windows, sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, kí ẹ mọ bí dátà yín ṣe tó. Ẹ fi ètò tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, nítorí á pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ ki fláàṣì náà bọ láptọ̀ọ̀pù yín, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ F9, kí ẹ sì yan fláàṣì nínú àwọn orúkọ tó bá jáde. Linux á ṣí láti orí fláàṣì, kò ní fọwọ́ kan hard disk. Àmì kan á wà lójú rẹ̀ tó ní "Install Linux Mint". Ẹ fojú fò ó. Ẹ ṣí hard disk bí ẹ ṣe ń ṣí fódà, ẹ lọ sí Users, ẹ ó rí orúkọ yín níbẹ̀. Èsì ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sórí fláàṣì mìíràn, torí kò wúwo. Lẹ́yìn rẹ̀ àwòrán, fódà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má gbá gbogbo rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ní òun gba kíkà ṣùgbọ́n òun kò gba kíkọ, ẹ má bínú sí i, Windows ni kò pa dáadáa lọ́jọ́ tí iná lọ. Kíkà náà la sì ń wá. Tó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti hard disk pa, nọ́ńbà 48 ni, ẹ wò ó lórí àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí Windows náà.

Ìgbà tí ẹrù bá ti jáde tán la tó yẹ hard disk wò. Nínú Linux yẹn kan náà, ètò kan wà tó ń jẹ́ Disks; ẹ yan hard disk, kí ẹ ṣí "SMART Data & Self-Tests". Ẹ wo ìlà tó ń jẹ́ Current Pending Sector Count. Iye ojú tí hard disk kò rí kà mọ́ ló wà níbẹ̀. Òdo ló yẹ kí ẹ bá. Tó bá ju òdo lọ lẹ́yìn ìlọ́ra oṣù méjì, èmi kò ní fi iṣẹ́ mi sí i lórí mọ́, fọ́máàtì tàbí àìfọ́máàtì. HP náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀: ẹ tẹ F2 nígbà tó bá ń jí. Tó bá ní FAILED, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bó bá jẹ́ pé hard disk ló lọ, ẹ má ra òmíràn bíi tirẹ̀. SSD ni kí ẹ rà, irú SATA 2.5 inch, 256GB tó fún iṣẹ́ tíṣà. Kò ní àwo tó ń yí, kò ní orí tó ń léfòó, ó sì yá débi pé ẹ ó rò pé ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kí ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú; 2TB tó wà lára páálí kì í sí nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ Windows 10 tàbí 11 tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ̀ọ̀pù yín tẹ́lẹ̀, ara pákó inú rẹ̀ (motherboard) ló so mọ́. Pípààrọ̀ hard disk kì í gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ má sanwó "key" fún ẹnikẹ́ni.

Windows wo wá ni? Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà) àti 4GB RAM, tí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) bá sì jẹ́ ti Intel, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò dé ibẹ̀. Tí ti yín kò bá dé ibẹ̀, Linux Mint tó wà lórí fláàṣì yẹn ni èmi ì bá fi sí i. LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n kí ẹ yẹ ìlà wò kí ẹ tó tẹ ìdánwò jáde. Ó tún ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ lè fi ẹ, ọ àti ṣ sí ìbéèrè Yorùbá yín láìfi bírò fa ìlà sábẹ́ wọn.

Bátìrì ńlá náà ńkọ́? Ẹ rà á. Láptọ̀ọ̀pù tí kò ní bátìrì, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná ló ń ṣubú lulẹ̀. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yọ ọ́.

Ní ti ọmọkùnrin ọ̀hún, ẹ má lé e lọ. Ẹ bi í pé: "Kí ni F2 sọ?" Bó bá lè fi èsì rẹ̀ hàn yín, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, kó yọ hard disk, kó fi SSD sí i. Kí ẹ sì gba hard disk àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èsì àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì wà nínú rẹ̀.