Ríìmù ínṣì 18 àbí 19 fún BMW mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. BMW 328i ọdún 2008 ni mò ń wà n'Íbàdàn, ríìmù 17 ló wà ńbẹ̀, táyà 225/45 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 225, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà). 19 ló ń wù mí, ṣé kò ní dà mí láàmú?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, 18 ni kẹ́ ẹ mú, táyà 225/40, torí gíga táyà àti ríìmù lápapọ̀ fi mílímítà 3 péré ju tẹ́ ẹ ń lò lọ, spidómítà ò ní yí padà kẹ́ ẹ fura. Tó bá jẹ́ 19, táyà 225/35, ẹ̀gbẹ́ táyà á kù bíi mílímítà 79, ẹ wá rántí àwọn kòtò wa yìí, ẹ bá já sínú ẹyọ kan lóru, ríìmù á tẹ̀ ni, ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i. Ríìmù 5x120 ni kẹ́ ẹ béèrè o, ìyẹn ni pé ihò bóòtù rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ìbú òbìrí tí wọ́n tò sí sì jẹ́ mílímítà 120. Tó bá jẹ́ táyà tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2314 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014, ó ti pẹ́ jù, ẹ má rà á rárá.