Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn: Kí Ni Onílé Lè Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé oníyàrá 16 kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìwẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo wọn sì jọ ń lò. Nígbà kòrónà, ìjọba ti ilé ìwé pa, gbogbo wọn kó lọ sílé. Ẹ̀rù ń bà mí pé irú rẹ̀ tún lè dé nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Onílé ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí èèyàn, kí n sì fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu géètì. Òmíràn ní ọmọ tó bá ti ń wúkọ́, kí n ní kó máa lọ bá àwọn òbí rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ sì kú àmójútó ọmọ ọlọ́mọ. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín, ti àkọ́kọ́ kò ní àǹfààní púpọ̀. Èkejì sì lè ṣekú pa ẹni tí kò tilẹ̀ dé ilé yín rí.

Ohun tí a máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò ọgbà yunifásítì ni pé ọgbà náà kò parí sí ẹnu géètì. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, níbi tí Yunifásítì Babcock wà, inú ọgbà ni ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, àwọn aláṣẹ sì lè ti géètì kí wọ́n mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìlú ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, ní Àgọ́-Ìwòyè fúnra rẹ̀, ní Òrù, ní Àwà, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ kan ń ti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn wá sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aláṣẹ lè pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín àga; ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà bá délé tí wọ́n sùn sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì pa, òfo ni gbogbo ètò ọ̀sán. Ilé yín jẹ́ ara ọgbà náà, Màmá, bí kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí kò mọ̀ ju bí awọ ara ti gbóná tó lọ. Ẹni tó kó kòrónà lè lo ọjọ́ 2 sí 14 kí àmì àìsàn tó hàn lára rẹ̀, ó sì ti lè máa kó o ran ẹlòmíràn ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà. Ara àwọn kan kò ní gbóná rárá títí àrùn náà yóò fi kúrò lára wọn. Ẹni tó lo parasitamọ́ọ̀lù láàárọ̀ yóò kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó rin inú oòrùn láti ibùdókọ̀ wálé lè mú kí ẹ̀rọ náà pariwo lásán. Ohun tí mo ní lòdì sí i jù ni pé ó ń fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ fi owó rẹ̀ ra nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé inú afẹ́fẹ́ ni kòrónà ti ń ràn jù, kì í ṣe orí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ní i bá ń mí, tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń kọrin, ohun kéékèèké tí ojú kò lè rí ń jáde lẹ́nu àti nímú rẹ̀, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè jáde, wọ́n lè wà nínú afẹ́fẹ́ náà fún wákàtí mélòó kan. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí bí ẹnìkan bá ń dín ata nínú ilé ìdáná, tí ẹni tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀ yóò máa sín: ọ̀nà yẹn gan-an ni àrùn náà ń tọ̀. Bí ẹ bá wá bi àwọn ọmọ náà pé kí ló dé tí wọn kì í ṣí fèrèsé lálẹ́, ẹ̀fọn, olè àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọn yóò dárúkọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Ìwàásù kò lè ṣí fèrèsé bẹ́ẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí kò ya yóò lé ẹ̀fọn, irin ojú fèrèsé yóò dá olè dúró. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, jìnnà sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì tàn án ní kọ́rídọ̀ láé. (Àjàkálẹ̀ àrùn ìbáà dé, ìbáà má dé, ẹ ṣe èyí, nítorí májèlé tí kò ní òórùn wà nínú èéfín náà, ó sì lè pa gbogbo ẹni tó bá sùn nínú yàrá kan kí ilẹ̀ tó mọ́.)

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdí kọ́rídọ̀ ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá ti fi pákó dí ọ̀kan, ẹ yọ ọ́. Kí ẹni méjì tó wà ní yàrá kan fi ààyè sáàárín bẹ́ẹ̀dì wọn, kí orí ọ̀kan sì wà ní ìhà ibi tí ẹsẹ̀ èkejì wà. Bí iná bá wà, kí wọ́n kọjú fáànù ilẹ̀ sí fèrèsé kó máa ti afẹ́fẹ́ yàrá síta. Àdúrà àpapọ̀ àti tùtóríà tí wọ́n máa ń ṣe kí ìdánwò tó dé, tí ọmọ 15 yóò há sínú yàrá kan, ẹ fún wọn ní àgbàlá àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìbòmú wúlò níbi tí wọn kò ti lè sá fún ara wọn, pàápàá jù lọ nínú kòròpe àti takisí tó ń gbé wọn lọ sí yunifásítì.

Omi àti ọṣẹ kò gbọdọ̀ tán ní ilé ìwẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fífọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 tó. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ife kan rẹ̀ sínú ife omi 34 ti tó láti fi nu ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ omi. Kí ẹnikẹ́ni má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde.

Ní ti ọmọ tó ń wúkọ́, ẹ má lé e. Bí ẹ bá ní kó máa lọ sílé, ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́rin jókòó sí ìlà kan ni yóò wọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ìyá àgbà ló sì ṣeé ṣe kó ṣílẹ̀kùn fún un. Kòrónà lè ṣe ọmọ ogún ọdún bí ọ̀fìnkìn, kó sì pa arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́nà kejì, bí àwọn yòókù bá rí i pé wọ́n ju ẹrù ẹni tó jẹ́wọ́ síta, ẹni tó bá kàn yóò máa wúkọ́ sínú ìrọ̀rí. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ kò mú ju ènìyàn 20 lọ ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó fara kan aláìsàn rí, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe láàárín àwọn tó ń fi àìsàn pamọ́.

Nítorí náà, ẹ wá yàrá kan tí aláìsàn yóò máa gbé. Mo mọ̀ pé owó ilé ni yàrá tó ṣófo ń gbé lọ, ṣùgbọ́n onílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò kan lè jọ dá owó ẹyọ kan. Tí kòrónà bá ni, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà fún un, kí ó jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò wẹ̀, kí fèrèsé ilé ìwẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó ṣe àyẹ̀wò ibà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ibà lára rẹ̀, ìyẹn kò sọ pé àrùn kejì kò sí níbẹ̀. Bí kò bá lè mí dáadáa, bí àyà bá ń dùn ún, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà wà ní Ṣàgámù, kì í ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, nítorí náà ẹ ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé, ẹni tí yóò gbà láti ṣí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí aláìsàn yóò sì jókòó sẹ́yìn. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdènà àrùn, ni 6232, kò sì gba owó.

Ẹ má tijú láti dá ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí àwọn ará ìta yóò rọ́ wá dúró. Ojúde Ọba pàápàá kò wáyé ní 2020. Kí ẹ sì fi sọ́kàn pé kì í ṣe gbogbo àjàkálẹ̀ àrùn ló ń gba inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá jẹ́ kọ́lẹ́rà, kànga àti ṣáláńgá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ Lassa, eku ni. Irú èyí tó bá dé ni ẹ óò fi mọ ibi tí ẹ máa fi owó sí.

Ìgbà tí owó ilé ọdún tuntun bá ń wọlé ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Ẹ gba nọ́ńbà òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ara òun kò yá kò ní pàdánù yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí àwọn yòókù yàn ka ìwé náà kí ẹ tó buwọ́ lù ú.